Síìtì ẹ́ńjìnnì àfọwọ́ṣe: ẹ́ńjìnnì MX-5 nínú ṣáásì onípáìpù

ỌmọPeckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mọ́tò onírísí Lotus Seven (mọ́tò eré kékeré aláìlórùlé) ni mò ń tò ní London níbí. Ṣáásì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Páìpù onígun mẹ́rin 25 mm sí 25 mm ni wọ́n fi jó o pọ̀ (wẹ́ẹ̀dì), ara páìpù náà nípọn tó 1.6 mm. Ẹ́ńjìnnì Mazda MX-5 1.8 ti ọdún 1994 ni mo fẹ́ gbé sí i, pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì onígíà márùn-ún rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ford àtijọ́ ni ẹni tó jó ṣáásì yìí ní lọ́kàn, kò sí ibi tí síìtì Mazda (ìdè tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) máa jókòó sí, èmi ni mo máa ṣe é.

Bí mo ṣe rò ó nìyí: màá gé péréètì 3 mm, màá tẹ̀ ẹ́ bí L. Ẹsẹ̀ kan á wọ ara búlọ́ọ̀kù (odidi irin ara ẹ́ńjìnnì), èkejì màá jó o mọ́ páìpù ṣáásì tààrà láìfi rọ́bà sí i, torí àyè kéré. Lẹ́yìn, gíábọ́ọ̀sì á jókòó lórí áńgù irin tí màá fi dábùú ṣáásì. Férémù alumíníọ́mù gígùn tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ dífù (àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn) lára Mazda kò wọlé, mo ti yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ni kí n yí padà kí n tó gé irin?

AjórinMúṣin:
Àbúrò, má tíì gé nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan máa ń gbọ̀n sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kíráńkì kọ̀ọ̀kan. Bó ti wù kó dára tó, ìgbọ̀n yẹn wà lára rẹ̀. Tí kò bá sí rọ́bà, inú páìpù 1.6 mm yẹn ló máa bọ́ sí. Ojú ibi tó o jó gan-an kọ́ ló sì máa ń là, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí iná ti pa irin lára. Bíráákẹ́ẹ̀tì alternator á tẹ̀ lé e, wáyà á máa já létí.

L tí kò ní irin onígun mẹ́ta nínú igun rẹ̀ máa ń ṣí bí ìwé. Àní 6 mm á ṣí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gùn. Bí o bá gbé irin onígun mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó di àpótí, 3 mm tó ní apá ṣáásì. Ní apá búlọ́ọ̀kù, fi 5 mm tàbí 6 mm sí i.

Kẹ́hìndéCoventry:
Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìwúwo ẹ́ńjìnnì ni síìtì ń gbé. Ìwúwo kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ 149 Nm. Gíà kìíní gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.136, ìyẹn bí 467 Nm sẹ́nu pùrọ̀pẹ́là (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí dífù). Iye tó bá jáde sí pùrọ̀pẹ́là náà ni ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì lápapọ̀ máa ń fẹ́ fi yí sí òdì kejì, síìtì ló ń dá wọn dúró. Tí síìtì òsì àti ọ̀tún bá jìnnà síra ní 450 mm, pín 467 sí 0.45: ó lé díẹ̀ ní 1,030 N, bí ẹrù 105 kg, tó ń fa ẹ̀gbẹ́ kan sókè, tó ń tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́lẹ̀. Ìyẹn nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọra kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Tó bá fò kúrò lójijì, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. 3,000 N ni kó o fi ṣe ìṣirò síìtì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbẹ́ wo ló ń gòkè? Tó o bá dúró níwájú mọ́tò, kíráńkì ń yí bí ọwọ́ aago, búlọ́ọ̀kù á fẹ́ yí lódì sí i. Síìtì tó wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó jókòó sínú mọ́tò ló máa ń fà sókè, ti ọwọ́ ọ̀tún ló ń tẹ̀. Rọ́bà ọwọ́ òsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ já. Nínú rìfáàsì, ó yí padà.

Rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin gbà kí a tẹ̀ ẹ́, ó gbà kí a fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbà kí a fà á kúrò lára irin. Torí náà, má tẹ́ ojú rọ́bà ní pẹrẹsẹ. Da ojú rọ́bà méjèèjì kọ nǹkan bí 45° kí wọ́n kọjú síra lábẹ́ ẹ́ńjìnnì bí V. Agbára tó yẹ kó fa rọ́bà ya á wá di èyí tó ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síìtì mẹ́ta ló tó: méjì níwájú, ọ̀kan lábẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Tó o bá fi mẹ́rin, bí ṣáásì bá ti lọ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, búlọ́ọ̀kù ló máa lọ́ mọ́ ọn.

EléréÌjẹ̀bú:
Mi ò gbà pé láìsí rọ́bà kò ṣeé ṣe. Mọ́tò eré ìje ń lo síìtì irin lásán lójoojúmọ́. Gíà ń wọlé dáadáa, ẹ́ńjìnnì kò mì, sàléńsà kò lu nǹkan kan. Kó jó o mọ́ ọn. Kó sì lu gbogbo ihò bóòtì rẹ̀ ní gbọọrọ, kó lè máa tì í síwá sẹ́yìn títí yóò fi bá pùrọ̀pẹ́là mu.

Kẹ́hìndéCoventry:
Ẹ̀gbọ́n Eléré, òótọ́ ni pé mọ́tò ìje ń lò ó, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tó ń mú ṣáásì le. Wọ́n sì máa ń tú u wò lẹ́yìn ìje, wọ́n á fi oògùn aláwọ̀ pupa wá ibi tó là. Mọ́tò tí èèyàn fẹ́ gbé lọ síbi iṣẹ́ kò rí irú ìtọ́jú yẹn. Tó bá fẹ́ kó le, kó lo bọ́ọ̀ṣì polyurethane (òrùka ike tó dà bí rọ́bà líle) tí líle rẹ̀ jẹ́ 80 ní Shore A, ìwọ̀n líle rọ́bà. Tó bá ti kọjá 90, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí kò sí rọ́bà.

Ọ̀rọ̀ ihò gbọọrọ náà: bóòtì tó wà nínú ihò gbọọrọ kò ní ohun tó dá a dúró ju bí wọ́n ṣe fún un lọ. Ọjọ́ tí bóòtì bá tú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á yọ̀, pùrọ̀pẹ́là á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Tó bá fẹ́ ihò gbọọrọ, kó ṣe é ní apá ṣáásì nìkan. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, kó jó wọ́ṣà 4 mm tí ihò rẹ̀ bá bóòtì mu gẹ́lẹ́ lé e lórí. Á di ihò róbótó padà.

EléréÌjẹ̀bú:
Ti wọ́ṣà yẹn dára, mo gbà á. Lórí líle, mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà fún mọ́tò ìje, ṣùgbọ́n fún ojú títì, 80 náà ni.

ỌmọPeckham:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo wọn àyè: láti ara búlọ́ọ̀kù dé páìpù ṣáásì jẹ́ 95 mm lápá òsì, 70 mm lápá ọ̀tún. Irú rọ́bà wo ló máa wọ ibẹ̀? Ṣé kí n yọ bíráákẹ́ẹ̀tì Mazda tó ṣì wà lára búlọ́ọ̀kù?

ÌyáMẹ́káníìkì:
Má yọ ọ́, ọmọ mi. Gbìyànjú èyí tó wà lára rẹ̀ ná. Ihò rẹ̀ ti bá búlọ́ọ̀kù mu, Mazda sì ti wọn líle rọ́bà yẹn mọ́ ìwúwo ẹ́ńjìnnì náà. Tó bá wọlé, apá ṣáásì nìkan ló kù fún ẹ láti ṣe, ìdajì iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ra rọ́bà rẹ̀ ní tuntun. Rọ́bà tó ti lé ní ogún ọdún ti le, ó ti wolẹ̀, ìwọ̀n tó o bá fi í gbà máa parọ́ fún ẹ.

Tí kò bá wọlé, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni rọ́bà róbótó tó ní ìdí bóòtì M10 (bóòtì tó fẹ̀ tó 10 mm) lókè àti nísàlẹ̀: wá èyí tó fẹ̀ tó 50 mm, tó ga tó 40 mm. Àwọn tó ń to irú mọ́tò yìí ní Britain tún máa ń lo rọ́bà síìtì Land Rover àtijọ́. Èkejì ni bọ́ọ̀ṣì nínú páìpù: páìpù tó nípọn tó 3 mm, polyurethane nínú rẹ̀, irin bọ́ọ̀ṣì láàárín, bóòtì M12 gba àárín rẹ̀ kọjá. Apá ọ̀tún tó jẹ́ 70 mm yẹn, bọ́ọ̀ṣì ni màá fi síbẹ̀.

AjórinMúṣin:
Bọ́ọ̀ṣì ni kó fi sí méjèèjì, màmá. Kò dáa kí òsì jẹ́ rọ́bà rírọ̀ kí ọ̀tún le. Ẹ̀gbẹ́ tó le ló máa gba gbogbo ìyà. Ohun mìíràn ni pé tí rọ́bà róbótó bá ya, kò sí ohun tó di ẹ́ńjìnnì mú mọ́. Ó lè gbéra kó fa wáyà tọ́rọ́tù (èyí tí ẹsẹ̀ fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná). Bọ́ọ̀ṣì ti rẹ̀, bóòtì ṣì wà láàárín. Ẹni tó bá takú pé rọ́bà róbótó lòun fẹ́ gbọ́dọ̀ so irin ìdábòbò mọ́ ọn lápá òsì, kó fi àyè bí 5 mm sílẹ̀ kí wọ́n má bàa máa kanra.

ÌyáMẹ́káníìkì:
Ọ̀rọ̀ rẹ nípa líle méjèèjì tọ̀nà, mo fara mọ́ ọn. Kó fi bọ́ọ̀ṣì kan náà sí méjèèjì.

AjórinMúṣin:
Bí iṣẹ́ náà ṣe máa lọ nìyí. Ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti so pọ̀ pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì, sítátà, alternator àti ẹnu sàléńsà. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù lásán wọn ibẹ̀ á padà rí i pé alternator ń lu páìpù. Gbé e sínú ṣáásì lórí igi àti jáàkì. Má fi ẹ̀wọ̀n ìgbéga dì í mú nígbà tó o bá ń wọ̀n ọ́n, torí ó máa ń fì.

Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Sọ́ǹpù (àwo òróró abẹ́ ẹ́ńjìnnì) gbọ́dọ̀ ga ju páìpù ìsàlẹ̀ ṣáásì lọ, ó kéré tán 10 mm, kó má jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ lu òkúta. Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò bá wá gbà á lókè, sọ́ǹpù lo máa gé kúrú. Ẹ́ńjìnnì kò ní sọ̀kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wo ọ̀pá sítíárìn àti sàléńsà: fi 25 mm sílẹ̀ níbẹ̀, 15 mm níbòmíì. Rọ́bà máa ń wolẹ̀ bíi 2 mm tí ìwúwo bá ti bà lé e, fi ìyẹn kún gíga tó o bá wọ̀n.

Gé páálí kó o tó gé irin. Tún páálí gé títí yóò fi jókòó láìsí àyè, kó o tó yà á sórí péréètì. Ihò bóòtì 10 mm, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3 mm, lẹ́yìn náà 6 mm, kó o tó fi 10.5 mm parí rẹ̀. Yọ ẹ̀gún ihò, kó o sì fi fáìlì yí igun inú, torí igun mímú ni irin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí là.

Nígbà tó o bá ń jó o, yọ polyurethane kúrò. Iná á yọ́ ọ. Gbẹ́ irin róbótó tó gùn, tó sì fẹ̀ bíi bọ́ọ̀ṣì, fi sí ipò rẹ̀, kí bóòtì wọ̀ ọ́. Wá fi iná kàn án ní ojú mẹ́rin péré, gbé ẹ́ńjìnnì jáde, kó o tó jó o tán. Ẹni tó bá jó o tán pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀, irin á fà bó bá ti tutù, bóòtì kò ní jáde mọ́. Jó o ní ìdákúrekú, òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀. Ẹ̀rọ ìjórin MIG pẹ̀lú wáyà 0.8 mm tó fún un. Darí iná sí irin tó nípọn, kó kan páìpù 1.6 mm fẹ́ẹ́rẹ́, torí páìpù ló máa kọ́kọ́ lu.

Kó o tó tan iná: tú bátìrì, tú pílọ́ọ̀gì alternator àti ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Kílíìpù áàtì (wáyà tí iná ń gbà padà) gbọ́dọ̀ wà nítòsí ojú ibi tó o ń jó, kí iná mànàmáná má bàa gba inú bẹ́ríìnì kọjá. Bí irin bá jẹ́ onísíńkì, fi gíráíńdà họ ọ́ dànù, èéfín rẹ̀ burú fún àyà.

Gbẹ́nàIrin:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó ṣe pàtàkì ju bóòtì lọ: ibi tó máa jó o mọ́. Àárín páìpù gígùn kọ́. Síìtì gbọ́dọ̀ súnmọ́ oríkèé, níbi tí páìpù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti pàdé. Tí síìtì bá bọ́ sí àárín, fi páìpù àdábùú kan láti abẹ́ síìtì dé oríkèé tó súnmọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, má jó bíráákẹ́ẹ̀tì mọ́ ojú páìpù tààrà. Fi péréètì 3 mm tó tó 80 mm sí 100 mm gbá a ná, kó tẹ̀ bo igun páìpù dé ojú kejì, kó o jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn páìpù. Tí o bá jó o dábùú páìpù, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́.

Ẹ má sì lu páìpù 1.6 mm já kẹ́ ẹ wá fún bóòtì nínú rẹ̀. Ojú páìpù á tẹ̀ wọlé, bóòtì á tú. Bó bá di dandan, ẹ kọ́kọ́ jó irin bọ́ọ̀ṣì gba inú rẹ̀ kọjá.

EléréÌjẹ̀bú:
Kí ló dé tí kò lo alumíníọ́mù? Ó fúyẹ́.

Gbẹ́nàIrin:
Alumíníọ́mù 6082-T6 dára tó o bá gbẹ́ ẹ látinú odidi láìjó o. Ní kété tí iná bá kàn án, ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó á rọ̀, á pàdánù púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ìwúwo tí yóò dín kù kò tó nǹkan.

BàbáDífù:
Gbogbo yín ń wo iwájú, ẹ̀yìn ni ewu wà. Férémù tí ọmọ yìí yọ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gíábọ́ọ̀sì MX-5 kò ní síìtì tirẹ̀ lẹ́yìn rárá, férémù yẹn ló gbé e. Òun náà ló di imú dífù mú. Dífù ní ìdè méjì lẹ́yìn, láìsí férémù, imú rẹ̀ wà ní òfìfo.

Wo iye tó ń bẹ níbẹ̀: 467 Nm tí Kẹ́hìndé ṣírò, dífù 1.8 yẹn tún sọ ọ́ di ìlọ́po 4.1, ó di nǹkan bí 1,915 Nm. Tí mọ́tò bá ń lọ síwájú, imú dífù á fẹ́ gòkè. Bí imú náà bá jìnnà sí ìdè ẹ̀yìn ní 350 mm, ó lé ní 5,400 N tó ń tì í sókè, láìtíì ka ti kílọ́ọ̀ṣì. Áńgù irin kan kò lè gba ìyẹn. Mọ́tò àtòpọ̀ bí Exocet ti MEV kò ní ìṣòro yìí torí pé ó gbé férémù náà wọlé pẹ̀lú gbogbo ìsàlẹ̀ Mazda. Ìwọ tó o yọ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan méjì dípò rẹ̀: síìtì fún gíábọ́ọ̀sì, ìdè fún imú dífù.

Fún dífù, lo ojú ihò tí férémù ń wọ̀ lára rẹ̀. Péréètì 6 mm, bọ́ọ̀ṣì polyurethane, kó so mọ́ páìpù ṣáásì lókè àti nísàlẹ̀, kí ó lè gba ìtìsókè àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Fún gíábọ́ọ̀sì, lo ihò bóòtì férémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí bíráákẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí rọ́bà kan wà láàárín. Irin tó dábùú ṣáásì níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a jó mọ́ ọn. Bóòtì M8 mẹ́rin ni kó dì í. Tó o bá jó o, ọjọ́ tí kílọ́ọ̀ṣì bá jẹ, wàá fi gíráíńdà gé ṣáásì kó o tó yọ gíábọ́ọ̀sì.

ỌmọPeckham:
Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ti dífù yẹn kò sí nínú èrò mi rárá. Ó ku ọ̀rọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa dà kọ. Ẹnì kan sọ fún mi pé pùrọ̀pẹ́là gbọ́dọ̀ tọ́ gan-an láti gíábọ́ọ̀sì dé dífù.

BàbáDífù:
Kò gbọ́dọ̀ tọ́ gan-an. Kírọ́ọ̀sì pùrọ̀pẹ́là ní bẹ́ríìnì abẹ́rẹ́ nínú. Tí kò bá dà kọ rárá, abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn kò ní yí, ojú kan náà ni wọ́n á máa lù, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i. Igun 1° sí 3° ló dára. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé igun ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba: ojú ẹnu gíábọ́ọ̀sì àti ojú imú dífù gbọ́dọ̀ kọ ìhà kan náà. Tí ìyàtọ̀ wọn bá lé ní 1°, ìgbọ̀n á bẹ̀rẹ̀ bí eré bá ti pọ̀. Dífù rẹ kò ní máa gòkè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú táyà, torí náà ìwọ̀n tó o bá gbà lórí igi ló máa wà bẹ́ẹ̀. Gbé ìwọ̀n igun oníná sójú imú dífù, ka nọ́ńbà rẹ̀, kó o wá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì títí tí nọ́ńbà wọn yóò fi bára mu.

TúndéHouston:
Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ bóòtì. 8.8 (nọ́ńbà agbára irin bóòtì) ni kó lò fún gbogbo rẹ̀. Bóòtì tó wọ búlọ́ọ̀kù onírin gbọ́dọ̀ wọlé tó ìlọ́po kan ààbọ̀ fífẹ̀ rẹ̀: M10 kan á wọlé ní 15 mm. Tó bá wọ ara gíábọ́ọ̀sì alumíníọ́mù, ìlọ́po méjì. Kó kọ́kọ́ fi wáyà tín-ínrín wọn jíjìn ihò. Bóòtì tó gùn jù máa lu ìsàlẹ̀ ihò kó tó fún bíráákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ á rò pé ó ti le, bíráákẹ́ẹ̀tì ṣì tú. Tó bá tún fi agbára sí i, búlọ́ọ̀kù lè là.

Nọ́ọ̀tì onínáílọ́ọ̀nù kò dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàléńsà. Náílọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò lè fara da ooru tó bá kọjá nǹkan bí 120°C. Nọ́ọ̀tì oní-irin tí wọ́n fún lẹ́nu ni kó lò níbẹ̀, kó sì fi péréètì tín-ínrín ya bọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ooru.

Lẹ́yìn tó bá ti fi rọ́bà sí gbogbo síìtì, ẹ́ńjìnnì kò kan ṣáásì níbì kankan mọ́. Bí kò bá sí áàtì tó nípọn láti búlọ́ọ̀kù sí ṣáásì, iná sítátà á wá ọ̀nà gba wáyà tọ́rọ́tù tàbí ohun onírin mìíràn kọjá, á sì jó o. Wáyà 25 mm² ni, kó họ ọ̀dà kúrò lójú ibi tí yóò ti kàn án. Páìpù epo àti ẹnu sàléńsà náà gbọ́dọ̀ ní ibi tó lè tẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì á máa mì, ṣáásì á dúró.

ỌmọPeckham:
Ẹ̀gbọ́n Túndé, ìwọ̀n wo ni kí n fi fún bóòtì M10 àti M12? Ṣé kí n kun bíráákẹ́ẹ̀tì kí n tó dè é?

TúndéHouston:
M10 8.8 gbígbẹ: nǹkan bí 45 Nm. M12: 75 sí 80 Nm. Tó o bá fi òróró pa á, dín in kù. Bóòtì tí Mazda fúnra wọn sọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé mọ́tò náà, tiwọn ni kó o tẹ̀ lé.

Kun ún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọ̀dà wà lábẹ́ orí bóòtì àti lójú ibi tí bíráákẹ́ẹ̀tì ti kan búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dà á fún pọ̀ tí ooru bá dé, bóòtì á tú. Bóòtì M12 tó gba inú bọ́ọ̀ṣì kọjá, fún un nígbà tí gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnnì bá ti bà lé e, kì í ṣe nígbà tó ṣì wà lórí jáàkì.

Kẹ́hìndéCoventry:
Kó tó gbé e lọ fún ìdánwò IVA (àyẹ̀wò ìjọba Britain fún mọ́tò àfọwọ́tò kó tó wọ títì), kó tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná dáadáa, kó pa á, kó jẹ́ kó tutù pátápátá, kó tún fi sípánà tọ́ọ̀kì wo bóòtì kọ̀ọ̀kan. Kó fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí bóòtì dé ara bíráákẹ́ẹ̀tì, á rí i lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀kan bá ti yí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan jókòó sínú mọ́tò, kó tẹ bíréèkì pa, kó fi gíà kìíní sí i, kó rọra gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fẹ́ kú. Ẹni kejì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú, á máa wo bí apá òsì ṣe ń gòkè. Tó bá gòkè ju 10 mm lọ pẹ̀lú polyurethane 80, bíráákẹ́ẹ̀tì ló ń tẹ̀, bọ́ọ̀ṣì kọ́.